Áláàmù gáàsì tó ń ké lóru nílé búrẹ́dì, tó sì dákẹ́ nígbà tí gáàsì ń rùn

Oníbéèrè kan láti Apáta, n'Ìbàdàn, kọ̀wé báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé búrẹ́dì kékeré kan ni mo ní. Gáàsì ni ààrò wa ń lò, sílíńdà oníkílò 50 méjì la so pọ̀ tó ń bọ́ ọ. Nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni oníná tó ṣe wáyà fún wa kan áláàmù gáàsì mọ́ ògiri lókè, lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá tí a máa ń kó búrẹ́dì sí kó lè wú. Oṣù méjì rèé tó ti ń ké láàárín aago mẹ́ta sí mẹ́rin òru, a ò sì tíì tan ààrò nígbà yẹn. A ti fi omi ọṣẹ wá a títí, a ò rí ibi tó ń jò. Ohun tó wá bà mí lẹ́rù ni pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí ọmọ iṣẹ́ ń pààrọ̀ sílíńdà, òórùn gáàsì gba gbogbo ilé, áláàmù yìí ò sì ké rárá. Tí a bá tẹ bọ́tìnì ara rẹ̀, ó ń dún ketekete. Oníná ní orí rẹ̀ ti dàrú, kí n yọ ọ́ dànù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n fi láítà dán an wò. Èwo ni kí n tẹ̀lé?”

Ẹ kú iṣẹ́, ìyá oníbúrẹ́dì. Ẹ má tíì tẹ̀lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Lójú, ohun tí ẹ sọ ta kora: ẹ̀rọ tó ń pariwo nígbà tí kò sí nǹkan, tó tún pa ẹnu mọ́ nígbà tí nǹkan wà. Kò yani lẹ́nu pé oníná sọ pé orí rẹ̀ dàrú. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka àlàyé yín, ó jọ pé ẹ̀rọ náà ń ṣe ohun tí wọ́n dá a láti ṣe gan-an; irú sẹ́ńsọ̀, ìyẹn apá tó ń gbọ́ gáàsì, tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbé e kọ́ ni kò bá ilé búrẹ́dì mu. Kí n tó ṣàlàyé, ohun kan wà tí kò ṣeé fi dúró: títí ẹ ó fi mọ òótọ́ rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ké, ẹ kà á sí gáàsì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan súìṣì, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ pa á, nítorí pípa á gan-an ń ta iná kékeré nínú súìṣì. Kí wọ́n má fọwọ́ kan fáànù, kí wọ́n má fa jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n ti ẹnu sílíńdà, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo èèyàn jáde, ìta ni kí wọ́n sì ti tẹ fóònù. Ewu tó wà nínú áláàmù tó ń ké lásán ni pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àwọn ọmọ iṣẹ́ á ti mọ bí wọ́n ṣe ń sùn lọ nínú ariwo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ bọ́tìnì kúrò nílẹ̀, torí òun ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Fèrè, iná àti wáyà inú ẹ̀rọ nìkan ni bọ́tìnì yẹn ń dán wò. Ó dà bí ìgbà tí awakọ̀ bá tẹ fèrè mọ́tò nínú ọgbà: fèrè dún, ṣùgbọ́n kò sọ bóyá bíréèkì ń mú. Sẹ́ńsọ̀ lè ti kú pátápátá kí bọ́tìnì ṣì máa dún ketekete. Gáàsì nìkan ló lè fi hàn pé ẹ̀rọ gáàsì ṣì ń gbọ́ràn.

Nísinsìnyí, kí ló ń jí i lóru? Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn áláàmù olówó pọ́ọ́kú tí a ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí tí a ń kàn mọ́ ògiri, ló ní sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí wọ́n fi èròjà tin dioxide ṣe. Wáyà kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú un gbóná ní gbogbo ìgbà, fólítì 5 ló sábà máa ń gbà. Bí afẹ́fẹ́ bá mọ́, ọ́síjìn á lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, kò ní jẹ́ kí iná ẹlẹ́tíríìkì kọjá dáadáa. Bí ohunkóhun tó lè jó bá dé, ó máa ń jẹ ọ́síjìn yẹn kúrò, iná á wá rí ọ̀nà kọjá, ẹ̀rọ á sì ké. Ẹ kíyè sí i: mo ní ohunkóhun tó lè jó. Sẹ́ńsọ̀ yìí ò mọ orúkọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Gáàsì ìdáná, oògùn ẹ̀fọn tí a fín, lọ́fínńdà, tínà àwọn akunlé, bẹntiróòlù tó dà sílẹ̀ lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀, ọtí, gbogbo wọn lójú rẹ̀, ìkan náà ni. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló kàn yín jù. Tí yíìsì bá ń jẹ ṣúgà inú fùláwà, nǹkan méjì ló ń tú jáde: carbon dioxide tó ń mú búrẹ́dì wú, àti ọtí. Carbon dioxide kì í jó, sẹ́ńsọ̀ yìí ò sì kà á sí. Ọtí ló ń jí i. Òórùn kíkan bí ẹmu àná tó máa ń gbá èèyàn nímú nígbà tó bá ṣí ilẹ̀kùn yàrá ìwú lóru, òun gan-an ni. Ẹ ti gbogbo fèrèsé nítorí ẹ̀fọn àti olè, ẹ kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún páànù búrẹ́dì sínú yàrá kan tó móoru, ọtí yìí á máa pọ̀ sí i títí di aago mẹ́ta, ẹ̀rọ sì wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan nínú irú yìí tilẹ̀ ń yára gbọ́ ọtí ju gáàsì lọ. Ẹ bi ara yín bóyá oṣù méjì sẹ́yìn lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í po fùláwà púpọ̀ sí i, tàbí ẹ pààrọ̀ irú yíìsì, tàbí ẹ di fèrèsé kan nítorí òjò. Ọ̀rinrin ìgbà òjò pẹ̀lú máa ń mú irú sẹ́ńsọ̀ yìí yára ké. Ọyẹ́ sì ń mú un lọ́ra.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi bẹ́ẹ̀ lásán. Ó ṣeé dán wò. Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹni tó wà níṣẹ́ lóru kọ aago tó ké sílẹ̀, bóyá iná NEPA ló wà tàbí jẹnẹrétọ̀, bóyá búrẹ́dì wà nínú yàrá, àti bóyá ẹnikẹ́ni fín nǹkan. Lẹ́yìn òru mẹ́ta, ẹ gbé ẹ̀rọ náà lọ sí apá ibòmíràn tí òórùn yíìsì kì í dé, kó wà nínú iná níbẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ọjọ́ méjì yẹn ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá fi iná sí ẹ̀rọ, ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni iná ara rẹ̀ fi ń ṣẹ́jú kó tó sọ pé òun ti múra, ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀ tin dioxide tó ti tutù fún ọjọ́ pípẹ́ máa ń fẹ́ tó wákàtí 24 sí 48 kó tó fi ara balẹ̀. Ohun tó bá ṣe lóru àkọ́kọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Bó bá dákẹ́ níbi tuntun, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹ dá a padà, ọtí yíìsì ni. Bó bá ń ké níbi gbogbo ní àkókò kan náà, ẹ wo ọ̀rọ̀ iná. Bó bá wá jẹ́ pé ẹ̀bá ààrò tàbí ẹ̀bá sílíńdà nìkan ló ti ń ké, ẹ padà sídìí omi ọṣẹ, gáàsì ń jò.

Ọ̀rọ̀ iná yìí, ẹ má fojú kéré rẹ̀ n'Ìbàdàn. Sẹ́ńsọ̀ tí mo sọ pé ó gbọ́dọ̀ gbóná, bí fólítéèjì bá wálẹ̀ sí 140 tàbí 150 ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, ó lè má gbóná tó. Á wá máa ṣe ségesège, tàbí kó má gbọ́ràn mọ́. Ẹ fi mítà wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní aago mẹ́ta òru, kì í ṣe ní ọ̀sán, kí ẹ sì fi wé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Sítébíláísà kékeré lè yanjú èyí. Ohun tó le ju ìyẹn lọ ni àkókò tí iná ò sí rárá. Áláàmù tí kò ní bátìrì kì í ṣọ́ ilé nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fa jẹnẹrétọ̀, gáàsì ò sì mọ̀ pé iná lọ. Bí ti yín ò bá ní bátìrì, ẹ so ó mọ́ ínfátà, kó má bọ́ kúrò nínú iná.

Ó wá ku ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ibi gíga ni wọ́n kàn án mọ́. Gáàsì tó wà nínú sílíńdà wa jẹ́ àdàlù propane àti butane. Propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní ìlọ́po kan àbọ̀, butane sì wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bó bá jò, ilẹ̀ ló ń wá bí omi. Á rọra ṣàn lábẹ́ tábìlì, á kó sínú gọ́tà, á dúró níbi tó bá rẹlẹ̀. Áláàmù tó wà nítòsí òrùlé ò ní rí i títí tí yóò fi kún dé ọrùn èèyàn. Mo rò pé oníná yín fi í wé áláàmù èéfín, èyí tí ipò rẹ̀ jẹ́ òkè lóòótọ́. Tàbí kó jẹ́ pé àwòrán inú páálí rẹ̀ jẹ́ ti methane, ìyẹn irú gáàsì CNG tí àwọn mọ́tò ń lò báyìí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ tó ìdajì afẹ́fẹ́ tó sì ń gòkè. Ti methane, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà láàárín ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí òrùlé. Ti sílíńdà tiwa, láàárín ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀ ni, kó jìnnà sí ààrò ní mítà kan ó kéré tán, kó má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, kó má sì wà lójú afẹ́fẹ́ ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀yìn àpò fùláwà. Ó yẹ kó gòkè díẹ̀ kí omi ìfọlẹ̀ má ta sí i.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́ ẹ̀rọ náà: ká tiẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ló wà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ṣeé ṣe kó má ké, kí ó sì jàre. Òórùn tí ẹ gbọ́ kì í ṣe ti gáàsì fúnra rẹ̀, nítorí propane àti butane ò rùn. Èròjà mercaptan ni wọ́n fi sí i kí a lè mọ̀ ọ́n. Imú ń gbọ́ mercaptan nígbà tí gáàsì ṣì kéré gan-an nínú afẹ́fẹ́. Áláàmù ilé ń dúró kó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí a ń pè ní LEL, ìyẹn ìwọ̀n tó kéré jù lọ tí gáàsì gbọ́dọ̀ dé nínú afẹ́fẹ́ kó tó lè gbiná. Ti propane, nǹkan bí 2.1% ni, ti butane, nǹkan bí 1.8%, ti methane, 5%. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kílò gáàsì kan máa ń di nǹkan bí ìdajì mítà onígun mẹ́ta bó bá ti di afẹ́fẹ́. Nínú yàrá tó gùn ní mítà mẹ́ta, tó fẹ̀ ní mẹ́ta, tó sì ga ní mẹ́ta, kílò kan péré bó bá tàn káàkiri ti tó láti gbiná. Áláàmù yẹ kó ti ké nígbà tó bá tó bí gíráàmù 100. Àmọ́ gáàsì kì í tàn káàkiri, ilẹ̀ ló ń dùbúlẹ̀ sí, nítorí náà ẹsẹ̀ ògiri lè ti dé ìwọ̀n ewu nígbà tí àyà èèyàn ṣì wà nínú afẹ́fẹ́ mímọ́. Gáàsì tó tú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ sílíńdà lè rùn gan-an láìdé gíráàmù 100. Ẹ má tìtorí èyí gbẹ́kẹ̀ lé imú nìkan o. Imú tó bá ti wà nínú òórùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kì í gbọ́ ọ mọ́, ẹni tó ń sùn kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Ohun kẹta tó lè fa ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni pé kí sẹ́ńsọ̀ ti jẹ májèlé. Sílíkónù ni olórí ọ̀tá. Oru rẹ̀ díẹ̀ máa ń bo ojú sẹ́ńsọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi gíláàsì bò ó, kò sì ṣeé fọ̀ kúrò. Ó wà nínú gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n fi ń dí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nínú àwọn ohun tí wọ́n ń fín sí irun, nínú ohun tí wọ́n fi ń dán táyà àti dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò, ó sì wà nínú àwọn kan lára ohun tí wọ́n ń fín sí páànù kí búrẹ́dì má bàa lẹ̀. Ẹ ka ara agolo tí ẹ ń lò. Òróró lásán ò ní wàhálà yẹn. Lẹ́yìn májèlé ni ìdọ̀tí. Eruku fùláwà àti ọ̀rá máa ń di ojú ihò kéékèèké tí gáàsì fi ń wọlé, bí ọyẹ́ bá sì dé, eruku tirẹ̀ á kún un. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ yọ ẹ̀rọ kúrò nínú iná, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ gbá ojú ihò náà, tàbí kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fa eruku fà á. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á wọlé. Ẹ má gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ fọ́káníṣà kó fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, nítorí òróró wà nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Omi, ọṣẹ àti sípíríìtì ò gbọdọ̀ kan ojú sẹ́ńsọ̀ rárá. Bí wọ́n bá fẹ́ kun ilé, ẹ ti gáàsì, ẹ yọ ẹ̀rọ, ẹ di í sínú ọ̀rá, ẹ dá a padà nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ tí òórùn ti lọ.

Láítà ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ló ń ṣe é, ẹ̀rọ sì máa ń ké, inú oníbàárà á dùn. Ìṣòro rẹ̀ ni pé butane tó ń tú jáde lẹ́nu láítà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, bẹ́ẹ̀ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ̀rọ ń gbọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá LEL, tó jẹ́ nǹkan bí 0.2%. Adití náà lè gbọ́ ìbọn. Sẹ́ńsọ̀ tó ti kú dé ìlàjì á ké fún láítà, kò sì ní ké fún gáàsì tó ń rọra jò. Yàtọ̀ sí èyí, gáàsì tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ máa ń ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè, ẹ fi òwú tí wọ́n ta sípíríìtì díẹ̀ sí gbé e níwájú fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, láìsí iná nítòsí. Bó bá jẹ́ irú tí mo rò pé ó jẹ́, á ké. Ó fi ẹ̀mí hàn, ṣùgbọ́n kò fi ìwọ̀n hàn. Ìdánwò gidi ni ti agolo gáàsì ìdánwò tí wọ́n ti wọn ohun inú rẹ̀, tí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán wà lára rẹ̀. Fún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ń kọ nọ́ńbà, propane 1.05% nínú afẹ́fẹ́, tó jẹ́ ìdajì LEL, la sábà máa ń lò, ìdajì lítà ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ife rọ́bà tó bo ojú sẹ́ńsọ̀. Afẹ́fẹ́ mímọ́ la kọ́kọ́ fi ń dá a padà sí òdo. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣàṣìṣe nílé búrẹ́dì: bí wọ́n bá ṣètò òdo nígbà tí ọtí yíìsì wà nínú yàrá, ẹ̀rọ á kà á pé bí afẹ́fẹ́ ṣe máa ń rí nìyẹn, á sì máa ka gáàsì ní kékeré láti ọjọ́ yẹn lọ. Kí wọ́n ṣe é ní ọ̀sán tí ilé ṣófo, tí ilẹ̀kùn ṣí. Lẹ́yìn òdo, wọ́n á fi gáàsì sí i fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Nọ́ńbà yẹ kó dúró láàárín 45 sí 55% LEL. Bí wọ́n bá yí i títí tí kò dé 50, sẹ́ńsọ̀ ti parí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Kí ni kí ẹ wá rà, bí owó bá wà? Sẹ́ńsọ̀ oníná, èyí tí wọ́n ń pè ní pellistor, ní ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké méjì tó gbóná. Ọ̀kan ń jó gáàsì tó bá kàn án, èkejì ò ń jó o, ẹ̀rọ wá ń ka ìyàtọ̀ ooru àárín wọn. Ó ń gbọ́ ọtí náà, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọtí tó ń wá láti ara búrẹ́dì kéré sí ohun tó lè mú un ké ní ìlà 20% LEL tí wọ́n sábà ń ṣètò sí. Sílíkónù ń pa á bákan náà, ó ń fẹ́ ọ́síjìn kó tó ṣiṣẹ́, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni ẹ̀mí rẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wá fi gáàsì ìdánwò tún un ṣe ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ ríi dájú pé propane ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi methane ṣètò lè ka propane ní nǹkan bí ìdajì iye rẹ̀, ìyẹn ni pé nígbà tó bá ń sọ 20%, 40% lè ti wà nílẹ̀. Èyí tó ń lo ìtànṣán infrared kò ní ohun tí sílíkónù máa pa, kò sì nílò ọ́síjìn, ṣùgbọ́n ó wọ́n ju tìkínní lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. N kò rí i pé ilé búrẹ́dì kékeré nílò rẹ̀ bí ẹ bá lè yẹra fún sílíkónù. Ẹ ṣọ́ra fún tòkúnbọ̀ nínú ọjà bíi Ògùnpa àti Dùgbẹ̀. Tòkúnbọ̀ fíríìjì lè sàn ju tuntun mìíràn lọ. Tòkúnbọ̀ sẹ́ńsọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ ń lọ. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹni tó bá ń ta èyí tó dára fún yín lè fi fáàfù tó ń ti gáàsì fúnra rẹ̀ kún un. Ó dára, àmọ́ ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí NEPA bá mú iná lọ. Irú tó ń tì nígbà tí kò bá sí iná á pa iná ààrò lójijì. Bó bá wá jẹ́ èyí tó ń ṣí fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé, gáàsì á máa tú sínú ààrò tí kò jó. Irú tí èèyàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ ṣí padà ni kí ẹ gbà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa gbogbo kọ́ọ̀kì ààrò. Bí ààrò yín ò bá ní ohun tó ń ti gáàsì nígbà tí iná rẹ̀ bá kú, mo lè sọ pé kí ẹ má tíì ra fáàfù yẹn rárá.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ná owó yín, sílíńdà ni mo máa kọ́kọ́ gbé síta, sínú àgò onírin tó ní òrùlé, tó jìnnà sí gọ́tà àti sí jẹnẹrétọ̀, kí páìpù nìkan wọlé. Ìyẹn ń dín ewu kù ju áláàmù èyíkéyìí lọ, àṣìṣe pípààrọ̀ sílíńdà á sì máa ṣẹlẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá a lọ. Lẹ́yìn náà, màá gbé áláàmù tí ẹ ní yìí wálẹ̀ sí ẹsẹ̀ ògiri lẹ́bàá ààrò, ní apá tó jìnnà jù sí yàrá ìwú, màá sì lu ihò afẹ́fẹ́ sí yàrá ìwú lókè àti nísàlẹ̀. Ìyẹn ò ná ju owó oníṣẹ́ lọ. Pellistor á tẹ̀lé e nígbà tí owó bá dé. N kò rí ẹ̀rọ yín lójú, nítorí náà bí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ohun tí mo sọ nípa gíga tàbí fólítì, tiwọn ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó dúró fún ẹ̀rọ carbon monoxide. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lára ààrò tí kò jó dáadáa tàbí lára jẹnẹrétọ̀ ń pa èèyàn ní ìwọ̀n tó kéré gan-an sí èyí tí áláàmù gáàsì ń dúró dè. Ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.

Ní ti sílíńdà ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ wo rọ́bà róbótó tó wà lẹ́nu ibi tí régúlétọ̀ ti ń wọlé. Bó bá ti là, tó ti le, tàbí tó ti sọnù, ibẹ̀ ni gáàsì gbà jáde. Owó kékeré ni wọ́n ń tà á, kí ọmọ iṣẹ́ máa ní méjì mẹ́ta nípamọ́. Ẹ wo họ́ọ̀sì náà: bó bá là nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, tàbí tó ti lé ní ọdún mẹ́ta, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú kílíìpù rẹ̀. Nígbà gbogbo tí wọ́n bá pààrọ̀ sílíńdà, kí wọ́n ṣí i díẹ̀, kí wọ́n fi omi ọṣẹ kun ẹnu régúlétọ̀, ìdí fáàfù àti orí họ́ọ̀sì méjèèjì, kí wọ́n sì dúró tó ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó sọ pé kò hó. Ibi tó ń jò díẹ̀ kì í hó lójú ẹsẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì sábà máa ń yára kúrò níbẹ̀.